Kí Ló Gbé Bàbá Lọ Sẹ́yìnkùlé?

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bẹ̀bẹ̀ kí n tó rí kẹ́,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí pé lẹ́tà ni mo kọ. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ mi náà kò dùn mí ju bó ṣe máa ń dùn mí lọ. À bá ti sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ mọ ara wa. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ á sọ mẹ́ta, a ó sì gbàgbé ohun tí a fẹ́ sọ. Nínú lẹ́tà, èmi nìkan ni mo lẹ́nu. Jókòó kí o kà á dópin. Bí inú bá bí ọ níbì kan, lọ mu omi kí o padà wá.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọkọ rẹ ni. Láti ọjọ́ tí o ti fi ẹkún pè mí pé Bàbá ti di ẹrù wọn padà sí Mòwé, ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀. O ní, "Mọ́mì, mi ò mọ nǹkan tí mo ṣe fún Dádì o, wàláì. Oúnjẹ wọn ò pẹ́ rí. Wọ́n kàn ní ilé wa fáìn, wọ́n sì lọ." Ìwọ ń sunkún, èmi ń ronú. O mọ̀ mí, bí nǹkan kò bá yé mi, bí egungun ẹja tó há sí eyín ni.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe tò ó fún ara mi. Bàbá àgbà ọkọ rẹ ló kọ́ ilé tí ẹ ń gbé yẹn sí Ìfọ̀, ní ìtòsí ojú irin, nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun. Inú rẹ̀ ni Bàbá gbọ́njú sí. Iṣẹ́ ló gbé wọn lọ sí Mòwé, ibẹ̀ náà ni ìyàwó wọn kú sí, tí wọ́n wá ń dá jẹun, tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀. Ìwọ àti Mùtíù ọkọ rẹ fi ilé tí ẹ rẹ́ńtì ní Akútè sílẹ̀, ẹ tún ilé àgbà náà ṣe kí Bàbá lè wá lo ìyókù ayé wọn láàárín yín. Mo gbàdúrà fún yín lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Ẹ kun ilé, ẹ ra àga, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń lanu. Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ torí rẹ̀ tún un ṣe ni kò rí ara gbà á. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá táǹkì omi ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti lọ. Kí ló gbé wọn lọ síbẹ̀? Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, wọn kò ní padà wá gbé lọ́dọ̀ yín, ọkọ rẹ yóò sì máa rò ó sí ọ lára láì sọ ọ́ jáde. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

O mọ̀ pé owó kọ́tìnì ni mo fi tọ́ yín. Kò sí irú pálọ̀ tí n kò tíì wọ̀ láti Ìbafò dé Ìfọ̀: pálọ̀ alájì, pálọ̀ pásítọ̀, títí dé yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbógùn tí bẹ́ẹ̀dì àti pálọ̀ ti di nǹkan kan náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: àlejò kì í fi ẹnu sọ òótọ́ nípa pálọ̀ ẹni. Ìdí rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Bí ó bá jókòó sí etí àga, tí kò fẹ̀yìn tì, tó ń sọ pé, "Háà, ilé yín mà rẹwà o," máa palẹ̀ ife mọ́, ó ti fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ bàtà, tó na ẹsẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn oníná mànàmáná, o ti gba àlejò nìyẹn.

Nítorí náà, èkínní, máa jókòó sórí àga rẹ. Ṣé o ti jókòó sórí gbogbo wọn rí? Má purọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ, a ra àga onífóòmù kan, n kò sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, kó má baà dọ̀tí. Èmi a máa jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, kí àwọn àlejò máa gbádùn ọ̀rá. Lọ́jọ́ kan nígbà ooru, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá kí wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, itan wọn ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó dún pẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fa aṣọ ya. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, àga rẹ kò fẹ́ kí n lọ." Wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi mú ọ̀bẹ ya ọ̀rá náà. Ká ní mo ti jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ara mi ì bá ti sọ fún mi.

Èkejì, má dí ilé náà lọ́wọ́ ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé àwọn ará àtijọ́ a máa yà mí lẹ́nu. Kí ló dé tí pálọ̀ yín kì í gbóná, tí ilé tuntun tó wà lódìkejì títì sì ń gbóná bí ààrò, tòun ti fáànù? Ọjọ́ tí ẹ kó wọlé, tí gbogbo yín ń gbé ẹrù, ṣé o rántí pé o rí mi tí mo na òwú kan sókè ní pálọ̀, o ní, "Mọ́mì, kí lẹ tún ń ṣe?" Mo ń wo ọ̀nà atẹ́gùn ni. Ó ń gba inú búlọ́ọ̀kù oníhò iwájú fàráńdà wọlé, ó ń la pálọ̀ kọjá, ó sì ń bá ojú fèrèsé onípele gíláàsì tó wà lókè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Òwú náà kò dúró jẹ́ẹ́ rárá. Ta ló kọ́ bàbá àgbà yẹn? N kò mọ̀, ó sì wù mí kí n mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí o bá fi gíláàsì dí fàráńdà yẹn bí o ṣe ń rò ó, ẹ ó ra ẹ̀rọ amúlétutù láìpẹ́, ẹ ó sì tún ra jẹnẹrétọ̀ tí yóò gbé e, kí ariwo rẹ̀ wá lé ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ ń wá lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́tìnì ńkọ́? Èmi tí mo ń tà á ni mo sọ pé kí o má ra púpọ̀. Mo ti rán kọ́tìnì onípele mẹ́ta rí fún alájì kan nítòsí wa níbí, aṣọ tó wúwo, tó ní wajawaja lẹ́sẹ̀. Mo yangàn títí. Nígbà tí mo padà lọ kí wọn, gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ náà ló ń yán, ọ̀sán gangan sì ni. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti tó ilé yín, kí ó máa fò díẹ̀díẹ̀ bí atẹ́gùn bá dé. Inú mi sì dùn pé ẹ kò fi táìsì bo ilẹ̀ tẹ̀ráàsò náà mọ́lẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ nìkan, ènìyàn lè jókòó kó máa wò ó títí oúnjẹ yóò fi jinná. Ohun tó wu ni níí pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí gbogbo ohun tó wù ọ́ wà ní pálọ̀ kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ sọ ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ìtàn ló máa gbé e dé.

Ní ọjọ́ kejì tí o pè mí, mo ra ọsàn, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo lọ kí Bàbá ní Mòwé. Mo ní mo kàn ń kọjá lọ ni. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa, wọ́n ṣáà gba ọsàn. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ orúnkún. Nígbà tó yá, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, kí ni ọmọ mi fi ṣe yín?"

Wọ́n ní, "Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Ìyá Ìyàwó. Ọmọ yín mọ ọbẹ̀ í sè, kì í sì í fa wàhálà."

Mo ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín, sà."

Wọ́n bó ọsàn kan títí èèpo rẹ̀ fi tán láì já. Wọ́n wá ní, "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohùn ni mo máa ń gbọ́. 'Ẹ káàárọ̀, sà.' Màá wo iwájú, màá wo ẹ̀gbẹ́, mi ò ní í rí ẹnikẹ́ni. Bí Mùtíù náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohùn ni. Nínú ilé bàbá mi, Ìyá Ìyàwó! Ilé tó jẹ́ pé bí mi ò bá dọ̀bálẹ̀ kí àyà mi kanlẹ̀, wọn ò ní í dá mi lóhùn. Mo ní bóyá bí ayé ṣe dà nìyẹn. Mo ní kí n yáa kúrò lọ́nà wọn."

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ti gbà pé òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

Kí n má purọ́ fún ọ, inú bí mi sí ọ. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń dá sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́: ta ló kọ́ ọmọ mi pé kó máa ti ẹ̀yìn kí àgbà bí ẹni ń pe ọlọ́kadà? Kí n tó wọlé mo ti pè ọ́. O rántí? Mo bi ọ́ bóyá o ń kúnlẹ̀ kí Bàbá, o fẹ́rẹ̀ẹ́ fi igbe dí mi létí. "Hàbà, Mọ́mì! Lójoojúmọ́ now! Orúnkún mi méjèèjì ló máa ń kanlẹ̀. Ẹ bi Mùtíù!"

Bàbá kì í purọ́. Ìwọ náà, mo mọ ohùn rẹ nígbà tí o bá ń purọ́, kì í ṣe ohùn yẹn. Ẹni méjì ló sọ òótọ́, òótọ́ méjèèjì kò sì bára mu. Irú nǹkan báyìí ni mo fẹ́ràn jù láyé, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀, ó di Ìfọ̀.

O ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí mo dé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ tí Mùtíù ń da omi sára ní balùwẹ̀. Mo wọlé, mo sì lọ jókòó síbi tí o ní Bàbá máa ń jókòó kí wọ́n tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lórí àga gígùn aláwọ̀ eérú tí ẹ gbé sí àárín pálọ̀, tó kọjú sí tẹlifísọ̀n, tó kẹ̀yìn sí ọ̀nà yàrá. Ó gbé mi mì. Àga yẹn kò ní ọwọ́ tí ènìyàn lè dì mú, ó rọ̀, ó sì lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ dìde, mo padà jókòó. Mo tún fẹ́ dìde, mo tún padà jókòó. Èmi rèé tí mo kéré sí Bàbá dáadáa. Báwo ni àgbàlagbà ọkùnrin yóò ṣe máa pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó wá fa òun dìde ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá? Mo ní mo ti rí ìdí búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìnkùlé. N kò tíì rí i tán.

Níbi tí mo ti ń bá àga jìjàkadì, mo gbọ́ ohùn kan. "Áà, Mọ́mì! Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn."

Mo yí ọrùn sápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni. Mo yí i sápá òsì. Kò sẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyàtù-kúrúsíyù lọ́kàn, àdúrà tí a fi ń lé àǹjọ̀nú. Mo fi gbogbo agbára gbé ara mi sókè, mo yọrí kọjá ẹ̀yìn àga. Àṣé àna mi ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, àyà rẹ̀ kan tẹ̀ráàsò, tó ń retí kí n ní kó dìde.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mùtíù rò pé nǹkan ṣe mí. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi níbí, kí n rí ọ." Ó wá síwájú. Tábìlì gíláàsì ńlá yín ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, láti ẹsẹ̀ mi dé ìdí tẹlifísọ̀n. Ó gbìyànjú apá kan, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan gíláàsì. Ó gbìyànjú apá kejì, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tẹlifísọ̀n. Ó dìde dúró, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, kò sí àyè."

Ó tún wo ẹ̀yìn àga níbi tó ti dìde. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn náà ni a ti máa ń kí Dádì." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ti yé e.

Ṣé o ti wá rí i? Ìwọ kúnlẹ̀ ní tòótọ́. O kúnlẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ fún ohun tí mo rò nínú kẹ̀kẹ́. Ibi tí o ti rí àyè nínú ilé rẹ ni o kúnlẹ̀ sí, ẹ̀yìn àga sì ni. Ọrùn Bàbá kò yí mọ́ bíi tẹ́lẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú wọn kò sì tó ọ.

Mo kìlọ̀ fún Mùtíù kó má sọ fún ọ, pé èmi fúnra mi ni n ó kọ ọ́. Bí ó bá ti sọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn.

Kí n tó kúrò, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rí àwọn àga onígi ti bàbá àgbà, tí ẹ kó jọ sábẹ́ páànù. Búlọ́ọ̀kù Bàbá kò jìnnà sí wọn. Bóyá ó kàn bọ́ sí bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó sórí ọ̀kan. Fóòmù rẹ̀ ti tán, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ le koko, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ọwọ́ ènìyàn mọ ibi tí yóò dì mú. Mo dìde láì ronú nípa rẹ̀. Níbẹ̀ ni ohun kan tó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà èwe mi ti wá yé mi. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi àwọn pálọ̀ àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ló dé tí wọ́n ń to gbogbo àga mọ́ ògiri yíká, tí wọ́n á wá fi àárín sílẹ̀ lófìfo bí ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Kò ṣófìfo. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń dọ̀bálẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní ìrun sí, ibẹ̀ ni ìyàwó tuntun ń kúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé e lórí. Àwa ló gbé tábìlì síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. N kò ní pè é ní ẹ̀kẹta, mo ti gbàgbé iye tí mo ka dé. Gbé tábìlì gíláàsì yẹn jáde, kó lọ sí fàráńdà, ó máa dára níbẹ̀ fún ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ìrọ̀lẹ́. Ti àga gígùn náà mọ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé. Gbé tẹlifísọ̀n sí ẹ̀gbẹ́, kí àlejò má baà rò pé òun ń dí i lójú. Mú méjì nínú àga onígi wọlé, kí o fi ọ̀kan síbi tí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ yóò ti máa rí ẹnu ọ̀nà, tí yóò sì tún máa rí ọ̀nà yàrá. Mo ti ra fóòmù tuntun, mo ti rán aṣọ rẹ̀, aláwọ̀ ewé ọsàn, yóò bá ilẹ̀ náà mu. Àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kọ̀ọ̀kan ti tó gbé ife omi. O ní ilé tí ara ti ń balẹ̀ ni o ń wá. Ní tèmi o, ara mi máa ń balẹ̀ ní pálọ̀ tí n kò ti ní láti ronú ibi tí n ó gbé ẹsẹ̀ sí.

Mo ti padà lọ bá Bàbá ní Mòwé. N kò ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn, nítorí bí mo bá ṣàlàyé, yóò dà bí ẹni pé mo ń gbèjà ọmọ mi, wọn yóò sì fi ọ̀wọ̀ dákẹ́. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá kí yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní àwọn á wá ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ṣùgbọ́n àwọn ò ní í gbé ẹrù dání. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá wọlé, má sọ fún wọn pé o tún pálọ̀ tò. Má sì nawọ́ sí àga kankan pé kí wọ́n jókòó síbẹ̀, ilé bàbá wọn ni. Ìwọ ṣáà bọ́ sí àárín, kí o kúnlẹ̀ níbi tí ojú wọn ti tó ọ, kí o kí wọn. Bí wọn kò bá tètè dáhùn, má ṣe dìde. Dúró síbẹ̀ lórí eékún rẹ títí wọn yóò fi rí ọ dáadáa, tí wọn yóò sì kì ọ́.

Ìyá rẹ ni,
ní Ìbafò.